Aró Nínú Kíláàsì: Iṣẹ́ Ọwọ́ Gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀kọ́ Àṣàyàn ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Nàìjíríà

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2011 ni ó ti di dandan ní Nàìjíríà pé kí ẹni tó bá wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà yan iṣẹ́ kan, ó kéré tán, tí yóò máa kọ́ pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ nípa ojúṣe ọmọ ìlú. Iṣẹ́ 34 ni àjọ NERDC, tó ń ṣètò ohun tí àwọn ọmọ yóò kọ́, tò kalẹ̀: iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ wẹ́dà, aṣọ rírán, aṣọ rírẹ láró, ẹja sísìn, àtúnṣe fóònù, fọ́tò yíyà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé kí ọmọ tó bá parí girama ní ohun kan lọ́wọ́ tó lè fi jẹun, yálà ó wọ yunifásítì tàbí kò wọ̀ ọ́. Ohun tí a kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ni pé kíláàsì iṣẹ́ yìí tún lè jẹ́ ibi tí ọmọ sáyẹ́ǹsì, ọmọ àátì àti ọmọ kọ́máàsì yóò ti fi ìmọ̀ wọn tó yàtọ̀ síra ṣe ohun kan náà.

Àkójọ náà lè ṣàjèjì létí Yorùbá, torí pé ó pa iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò pọ̀ lábẹ́ orúkọ kan. Ṣùgbọ́n aláró Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, kò rí ìyapa kankan níbẹ̀: ẹni tó rẹ aṣọ ló ń tà á.

Iṣẹ́ aró náà ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Ewé èlú tí a gún, tí a mọ roboto, tí a sì sá gbẹ, kò lè pa aṣọ láró nínú omi lásán, nítorí àwọ̀ inú rẹ̀ kì í yòrò nínú omi. Aláró a máa da omi sórí eérú nínú ìkòkò onihò. Omi tó bá ro sísàlẹ̀ ni yóò fi rẹ èlú fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Omi eérú yìí jẹ́ álíkálì, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú aró ló sì ń sọ àwọ̀ náà di èyí tó lè yòrò. Ìdí nìyí tí aṣọ fi máa ń jáde nínú ìkòkò bí ewé tó fẹ́ pọ́n, tí yóò sì di búlúù níṣojú ẹni bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, torí pé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ti dá àwọ̀ náà padà. Ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ni gbogbo èyí. Lórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí a fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún yà, bátànì Ìbàdàndùn ń gbé òpó Gbọ̀ngàn Màpó jáde. Ìtàn ìlú wà nínú rẹ̀. Ìjà òfin náà wà níbẹ̀: ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá ka sódà kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó léèwọ̀ fún àwọn aláró Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin náà kò gbà; wọ́n fi ẹ̀hónú hàn. Ta ló yẹ kó pinnu irú aró tí oníṣẹ́ yóò lò? Kò sí ìwé ẹ̀kọ́ ọmọ ìlú tó lè bi ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní ìbéèrè tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì kò jọ èyí. Ọdún 2014 ni WAEC kọ́kọ́ ṣe ìdánwò àwọn iṣẹ́ náà, láti ìgbà náà ni iṣẹ́ sì ti di nóòtì tí a ń dà kọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ló sábà máa ń yàn, kì í ṣe ọmọ, wọn a sì yan èyí tí kò gba irinṣẹ́ púpọ̀. Àwọn ọmọ kan tilẹ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà lórí bọ́ọ̀dù ìkọ̀wé. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí nígbà ètò 6-3-3-4 ti ọdún 1982, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba rà wà nínú páálí títí wọ́n fi dógùn-ún.

Mayflower School ní Ìkẹ́nnẹ́, tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní 1956, gba ọ̀nà mìíràn: àwọn ọmọ ń dáko, wọ́n sì ń bá wọn kọ́ ilé, láìdúró de ìdánwò kankan. Àwọn mìíràn yóò ní kí a kúkú padà sí ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ọ̀gá a máa kọ́ ọwọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í sábà sọ ìdí tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló sì fi ọdún àkọ́kọ́ gbálẹ̀ tí wọ́n fi rán wọn níṣẹ́ kiri.

Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé iṣẹ́ 34 náà ti di 6: iná sólà, aṣọ rírán, ẹran sísìn, ìṣaralóge, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, àti ọ̀gbìn. Ìdínkù náà bọ́gbọ́n mu, torí pé irinṣẹ́ mẹ́fà rọrùn láti rà ju mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ. Aró kò sí níbẹ̀ mọ́, àfi bí olùkọ́ aṣọ rírán bá mú un wọlé fúnra rẹ̀. Iná sólà náà kún fún ìmọ̀: ọmọ tó bá fẹ́ mọ iye bátìrì tí fíríìjì àti fáànù ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ yóò lò nílò físíìsì, ìṣirò, àti ọgbọ́n à ń bá oníbàárà dúnàá dúrà. Ta ni yóò kọ́ ọ? Olùkọ́ físíìsì lè má gun òrùlé rí. Ẹni tó ti so sólà mọ́ ọ̀pọ̀ ilé kò sì ní ìwé-ẹ̀rí tí àjọ TRCN ń béèrè lọ́wọ́ olùkọ́. Àwọn méjèèjì ni kíláàsì náà nílò lẹ́ẹ̀kan náà, àyè ẹnì kan ṣoṣo ni tábìlì àkókò ilé-ẹ̀kọ́ sì máa ń fi sílẹ̀.