Ẹni Tí Ń Hanrun Kì Í Ṣe Ẹni Ẹ̀rín

Àwa a máa fi ẹni tí ń hanrun ṣe ẹlẹ́yà, a ní oorun dùn mọ́ ọn. Irọ́ gbáà ni! Ọ̀fun ẹlòmíràn nínú wọn ni ó ń dí: ahọ́n a fà sẹ́yìn, èémí a sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóru kan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, olúwarẹ̀ a máa tòògbé nídìí ọkọ̀ tàbí níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Ní 2014, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ kékeré kan tí dókítà ń fi iṣẹ́ abẹ kì sí abẹ́ awọ àyà. Wáyà rẹ̀ lọ bá iṣan tí ń darí ahọ́n. Aláìsàn a tàn án kí ó tó sùn. Ẹ̀rọ a sì máa ti ahọ́n síwájú kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Àwọn àgbàlagbà tí ìbòjú tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú kò bá lára mu ni a ṣe é fún.

Ìlọrin ńkọ́? Ní 2016, Dókítà Olufemi Desalu ti Ilé-Ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn aláìsàn tí a dá dúró sí ilé-ìwòsàn ní Nàìjíríà: àrùn yìí wà láàárín wa, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń ṣe kì í sábà sọ ọ́.

A kò ní kí ìjọba Kwara sáré ra ẹ̀rọ olówó ńlá. Àyẹ̀wò àti ìbòjú tí apá mẹ̀kúnnù ká ni kí ó kọ́kọ́ pèsè. Ọ̀ràn yìí kò mọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí ń sùn ní kíláàsì lè má ṣe ọ̀lẹ. Ẹ bi ìyá rẹ̀ bí ó ti ń mí lóru kí ẹ tó mú pàṣán.