Adágún, ìsun àti omi tó ń gbóná

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ọ̀kan nínú yín tó fẹ́ kó àwọn ọmọ láti Àgọ́-Ìwòyè lọ wo omi Ìkògòsì ní Èkìtì bi mí pé, "Prof, ṣé kì í ṣe òkè ayọnáyèéfín ló wà lábẹ́ ibẹ̀?"

Rárá o. Omi òjò ló ń gba ojú sísán àpáta wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà. Ooru abẹ́ ilẹ̀ ló ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó sun jáde. Ìsun nìyẹn: omi tó ń jáde, tó ń lọ.

Èyí tó pànìyàn ò gbóná rárá. Adágún Nyos ní Kamẹrúùnù wà nínú ihò òkè ayọnáyèéfín. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: omi tó bá dágún kì í ṣàn. Carbon dioxide ń ti abẹ́ ilẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ omi náà, omi tó wà lókè sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bíi mínírà tí wọ́n dé pa sínú ìgò. Lálẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1986, ó tú jáde. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ló bá wọ́ lọ sí àfonífojì. Ó pa èèyàn tó lé ní 1,700, pẹ̀lú ẹran ọ̀sìn wọn. Láti 2001 ni wọ́n ti ri páìpù bọ inú adágún náà, kó lè máa mí díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ogun Waterside, ọ̀sà tiyín ní ọ̀nà dé òkun, kò sì sí òkè ayọnáyèéfín lábẹ́ ẹ̀. Ìwọ náà, kó àwọn ọmọ lọ sí Ìkògòsì. Kí wọ́n ti ẹsẹ̀ kan bọ omi gbígbóná, kí wọ́n ti èkejì bọ tútù.