Bí Wọ́n Bá Gé Igbó Tán, Ṣé Òjò Máa Dín Kù ní Ajégúnlẹ̀?

Ra ẹlẹ́rìndòdò tútù kan ní Boundary, kí o gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ara ìgò á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ìgò ò jò o! Inú afẹ́fẹ́ ni omi yẹn ti wá. Ojú ò rí i, àfi ìgbà tó kan nǹkan tútù. Bí òjò ṣe ń ṣú náà nìyẹn: afẹ́fẹ́ tó gbé omi dání á gòkè, òkè lọ́hùn-ún tutù, omi á di ìkùukùu, ó di òjò.

Ta wá ló ń gbé omi sínú afẹ́fẹ́?

Àkọ́kọ́ ni òkun. Láti nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù kẹwàá, atẹ́gùn máa ń fẹ́ láti orí òkun Àtìláńtíìkì, á gba Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ kọjá, á forí lé àríwá ìlà oòrùn. Etí òkun la wà, torí náà inú òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú omi òjò wa ti ń wá.

Èkejì ni igbó kìjikìji. Gbòǹgbò igi á fa omi nínú ilẹ̀, ewé á tú u jáde láti inú àwọn ihò tíntìntín ara rẹ̀. Igi ńlá kan lè tú ju 100 lítà jáde lójúmọ́. Igi kan kì í sì í dá igbó ṣe: igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí UNESCO fi sínú àkójọ tirẹ̀ ní 1977, ju 130,000 hẹ́kítà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti gé púpọ̀ nínú rẹ̀ fún pákó àti oko kòkó.

Nítorí náà, òjò tó rọ̀ sínú igbó á tún gòkè padà, atẹ́gùn á gbé e lọ rọ̀ síwájú. Ní àwọn ọdún 1970, Eneas Salati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bràsíìlì fi hàn pé nǹkan bí ìdajì òjò igbó Amazon ló jẹ́ irú omi àtúnlò bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá wá gé Omo tán ńkọ́? Òkun ò ní gbẹ, òjò á ṣì máa rọ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Àwọn tí atẹ́gùn ń bá lẹ́yìn igbó ni òjò lè dín kù fún: àgbẹ̀ Oǹdó, ti Èkìtì, títí dé Kogí.

Àmọ́ má tíì yọ̀ o. Igi tí wọ́n gé tí wọ́n sun ń tú gáàsì carbon dioxide sí afẹ́fẹ́, gáàsì yìí sì ń mú kí ayé gbóná sí i. Afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gbé omi púpọ̀ dání: bí ooru bá fi 1°C lé, omi tó lè gbé á fi nǹkan bí 7% lé. Tí òjò bá wá dé, á rọ̀ kíkankíkan. Ilẹ̀ igbó máa ń mu omi. Kọnkéré àti páànù kì í mu ún, gọ́tà tí ọ̀rá pure water ti dí ò sì lè gbà á.

Àáké kan náà ni: ó ń fi òjò du àgbẹ̀ Èkìtì, ó sì ń ti omi wọ yàrá ará Ajégúnlẹ̀.