Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ẹ̀rọ Ọlọ́gbọ́n Jẹ́ Àdàkọ Ọpọlọ Ènìyàn?

Àríyànjiyàn ńlá wà láàárín àwọn onímọ̀ tí ń ṣe ọgbọ́n àtọwọ́dá. Àwọn kan ní bí a bá fẹ́ kí ẹ̀rọ ronú, àfi kí a da ọpọlọ ènìyàn kọ. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ọpọlọ ni kí a wò, kí a fi ẹran ara sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní ọdún 1943, Warren McCulloch àti Walter Pitts ní Amẹ́ríkà fi ìṣirò ṣàpèjúwe bí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ṣe lè máa ronú. Ní 1958, Frank Rosenblatt gbé Perceptron jáde, ẹ̀rọ tí ń fi àṣìṣe ara rẹ̀ kọ́gbọ́n. Láti inú irúgbìn yìí ni àwọn ẹ̀rọ òde òní ti hù. Ṣùgbọ́n díẹ̀ péré ni wọ́n mú lára ọpọlọ: nọ́ńbà lásán ni ohun tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì nínú wọn.

Àwọn tí ó fẹ́ da gbogbo rẹ̀ kọ ńkọ́? Ní 2013, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ Human Brain Project. Henry Markram, tí ó wà nídìí rẹ̀, fẹ́ kọ́ odindi ọpọlọ ènìyàn sínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí ní 2023, ó ti ná nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù owó Yúrò. Ó mú àwòrán ọpọlọ tí ó wúlò jáde, ṣùgbọ́n odindi ọpọlọ inú kọ̀ǹpútà kò wáyé. Kò yà wá lẹ́nu. Aràn kékeré kan wà nínú ilẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀ rẹ̀ jẹ́ 302 péré. Láti 1986 ni a ti mọ bí wọ́n ṣe so mọ́ ara wọn, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè fi àwòrán náà nìkan sọ gbogbo ohun tí aràn náà yóò ṣe. Ti ènìyàn tó bílíọ̀nù 86.

Ẹ wo ìlù dùndún. Ẹni tí ó ṣe é kò gbẹ́ ẹnu tàbí ahọ́n sí i lára. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó mú nínú ọ̀rọ̀ wa. Ó fi igi, awọ àti ọsán gbé e ró, ìlù sì ń kini, ó ń kìlọ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá gbọ́ èdè dunjú, báwo ni ì bá ṣe mọ̀ pé ohùn ni kí òun mú? Èrò tiwa nìyí: kí a má da ọpọlọ kọ láti òkè délẹ̀, ṣùgbọ́n kí a mọ̀ ọ́n dáadáa, kí a sì mú ìlànà rẹ̀.

Ìlànà wo? Ọpọlọ ń lo nǹkan bíi wáàtì 20, tí kò tó ti gílóòbù wáàtì 40. Ilé ẹ̀rọ ńlá lè jẹ iná tí ó tó ìlú kan lò. Ọmọ ọdún mẹ́ta ń sọ Yorùbá kó tó mọ ìwé. Ẹ̀rọ ní láti gbé ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀rọ̀ mì. Gẹ̀ẹ́sì ní irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, èdè tiwa kò ní. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi ń ṣi àmì ohùn wa fi. Ẹ̀rọ tí ó bá kọ́ èdè bí ọmọdé ti ń kọ́ ọ ni yóò ṣe wá lóore.

Nítorí náà, kí àwọn yunifásítì wa wádìí bí ọmọ Yorùbá ṣe ń kọ́ èdè ìyá rẹ̀, kí ẹ̀yin olùkọ́ sì jẹ́rìí sí ohun tí ẹ ń rí lójoojúmọ́. Bí a bá káwọ́ gbera, ọmọ ẹlòmíràn ni wọn yóò fi ṣe òṣùwọ̀n ọmọ wa.