Earpiece Olówó Ńlá Kò Lè Tún Fáìlì Burúkú Ṣe

Kí ẹ tó náwó sórí earpiece tuntun, ẹ kọ́kọ́ yẹ fáìlì orin yín wò. MP3 máa ń yọ lára ohùn kúrò kí fáìlì má bàa wúwo. Orin ìṣẹ́jú 3 ní 128 kbps tó nǹkan bíi 3MB. Ní 320, ó tó 7MB. Ẹ fetí sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ inú orin jùjú: ní 128, ó lè máa dún ṣàà bí omi. Bí ẹ bá wá fi áàpù sọ ọ́ di 320, ààyè fóònù lẹ fi ṣòfò. Ohun tó ti lọ kò ní padà. Èmi, WAV ni mo fi ń gba ohùn ètò yìí sílẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ni mo ń sọ ọ́ di MP3. Ẹ̀yin náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti gba 320 tàbí FLAC. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.