Igi Bàgàrúwá àti Ọ̀rọ̀ Orúkọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ igi bàgàrúwá fi ìtumọ̀ òwe yìí hàn. Bàgàrúwá ni àwọn Haúsá ń pe igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí ó ń hù ní ilẹ̀ ọ̀dàn Áfíríkà. Ẹ̀gún rẹ̀ funfun, méjì méjì ni ó sì ń yọ. Èso rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ awọ ìlú Kánò fi ń sọ awọ ewúrẹ́ tútù di èyí tí a lè fi ṣe bàtà àti àpò.

Ní ọdún 1754, Philip Miller, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo Acacia gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé igi yìí. Èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ó sì tan mọ́ ohun ẹnu ṣóńṣó. A lè kà á sí orúkọ àmútọ̀runwá, nítorí tẹ̀gún-tẹ̀gún ni igi náà wáyé.

Nígbà tí ìwádìí fi hàn pé ìdílé kan ṣoṣo kọ́ ni gbogbo igi tí ń jẹ́ Acacia, ó di dandan láti pín wọn. Bàgàrúwá ni orúkọ náà tọ́ sí lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n irú ti Ọsirélíà tó nǹkan bí 1,000, yíyí orúkọ wọn padà yóò sì ṣòro. Ní ìpàdé Vienna ní ọdún 2005, àwọn tí ó tako gbígbé orúkọ náà fún ti Ọsirélíà ju ìdajì lọ, ṣùgbọ́n wọn kò tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún tí a béèrè. Ìpàdé Melbourne fi òǹtẹ̀ lù ú ní ọdún 2011. Bàgàrúwá wá di Vachellia nilotica, láti ara orúkọ George Harvey Vachell, àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì tí ó kó ewéko jọ ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ọ̀pọ̀ igi Ọsirélíà tí ó jogún Acacia kò sì ní ẹ̀gún rárá.

Síbẹ̀, bàgàrúwá ṣì ni bàgàrúwá lẹ́nu Haúsá. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún olùkọ́ Yorùbá. Orúkọ ìjìnlẹ̀ wúlò, nítorí orúkọ ewé kan lè yàtọ̀ láti ẹ̀ka-èdè kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n kò lè dípò orúkọ ìbílẹ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ rán ọmọ kíláàsì rẹ̀ sí àwọn àgbà, kí wọ́n kọ orúkọ igi àdúgbò wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, ìlò rẹ̀ àti ìlú tí a ti gbọ́ ọ. Ìpàdé kankan kò lè dìbò gba orúkọ wọ̀nyí. Bí a kò bá pè wọ́n mọ́ ni wọn yóò parun.