Sípíkà Bluetooth tí a Fọwọ́ Tò
Pátákó, bàbà, ike, òjé àti tíìnì. Bátìrì lítíọ́mù 18650 kan

Wẹ́wẹ́ ni gbogbo ẹ̀yà sípíkà yìí wà nínú páálí tí wọ́n fi tà á. Ẹni tó rà á ló fi irin gbígbóná jó wọn mọ́ páńẹ́ẹ̀lì. Bí òjé inú lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń yọ́ láti fi jó wọn bá jẹ́ 37%, tí tíìnì jẹ́ 63%, 183°C ló ti ń yọ́.

Ẹ wo ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì náà dáadáa. Ojú ìjó tó dára máa ń dán, ìdí rẹ̀ á fẹ̀, orí rẹ̀ á sì ṣóńṣó. Ti igun apá òsì yẹn dúdú, ó ki bí ìṣù: irin kò gbóná tó níbẹ̀. Irú rẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí ohùn máa já lójijì, tí onísípíkà á sì máa fi ọwọ́ gbá a lórí.

Áńpù PAM8403 tó wà láàárín, tó ń mú ohùn lágbára, kò ju èékánná lọ, ó sì lè gbé wáàtì 3 lọ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àpótí pátákó náà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Láìsí i, atẹ́gùn ẹ̀yìn sípíkà á yí wá síwájú, á sì pa ohùn ìsàlẹ̀.